Ìlú Iná fún Tọkọtaya: Las Vegas, Sun City, Macau tàbí Èkó?

Láti ìgbà tí èmi àti Bàbá Ìbejì ti lọ sí Las Vegas lọ́dún 2019, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í dá mi dúró ní Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí lẹ́yìn ìsìn láti bi mí ní ohun kan náà: "Ìyá Ìbejì, ìlú iná tẹ́ ẹ lọ yẹn, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń náwó sí?" Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Ìgbéyàwó wọn pé ọdún 25 lọ́dún yìí, ìyàwó rẹ̀ sì ti fárígá. Kò fẹ́ kánópì, kò fẹ́ aṣọ ẹbí, kò fẹ́ kí wọ́n pa màlúù. Ó ní owó tí wọn ì bá fi bọ́ gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n fi gbé òun lọ síbi tí iná kì í kú, kí òun náà wọ gáùn gígùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnìkan máa bi òun pé kí ni òun fẹ́ mu.

Mo ní kí ọ̀gá jókòó. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síhìn-ín, torí ó ti ń sú mi láti máa sọ ọ́ lórí ìdúró. Ìlú mẹ́rin tí iná àti tẹ́tẹ́ wà la gbé yẹ̀ wò: Las Vegas ní Amẹ́ríkà, Sun City ní South Africa, Macau létí China, àti Èkó tiwa níbí. Méjì nínú wọn yàtọ̀ sí Èkó ni mo ti fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. Ti Macau, àbúrò ọkọ mi tó máa ń ra ọjà ní Guangzhou ló rìn ín, mo sì da ìbéèrè bò ó títí ó fi bẹ̀ mí.

Kí a tó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó fi wọn ìlú wọ̀nyí. Físà ni àkọ́kọ́, torí ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kí o wọlé, ẹwà rẹ̀ kò kàn ọ́. Èkejì ni owó tí wọn kì í kọ síwájú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ, àwọn ìlú tẹ́tẹ́ ló sì mọ ìtumọ̀ òwe yẹn jù. Ẹ̀kẹta ni ara: ẹsẹ̀, orun, oòrùn, òtútù. Tọkọtaya tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò lè fi ojú ọmọ ogún ọdún wo ìrìn-àjò.

Ẹ̀kẹrin ni mo fi ń dájọ́ jù: yọ tẹ́tẹ́ kúrò nínú ìlú náà, kí ló kù fún ẹ̀yin méjèèjì láti jọ ṣe?

Ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Ìṣirò ni. Ẹ wo àgbá rùlẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń yí tí bọ́ọ̀lù kékeré ń sáré nínú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ihò 38: oókan títí dé 36, òdo ẹyọ kan, àti òdo méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Tí o bá fi dọ́là kan lé nọ́ńbà kan tó sì jẹ, dọ́là 35 ni wọ́n ó fún ọ, wọ́n á dá dọ́là tìrẹ náà padà. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ká ní o fi dọ́là kọ̀ọ̀kan lé gbogbo ihò 38 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Dọ́là 36 ni wàá kó dìde. Dọ́là méjì ti wọ àpò onílé, kò sì sí ẹni tó rẹ́ ọ jẹ. Ìyẹn lé díẹ̀ ní dọ́là márùn-ún nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó bá gba orí tábìlì yẹn kọjá. Àgbá tó ní òdo ẹyọ kan ṣoṣo, ihò 37 ló ní, ohun tí onílé ń mú níbẹ̀ kò sì tó dọ́là mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Las Vegas tiẹ̀ ti fi òdo kẹta kún un báyìí. Ẹ ka òdo kí ẹ tó jókòó.

Nítorí náà, owó tẹ́tẹ́ jọ owó tí a fi wo eré: a ti ná an tán kí a tó wọlé. Èmi àti Bàbá Ìbejì, dọ́là 40 la dì sínú àpò ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, a sì kọ ọjọ́ sí i lára. Àpò tó bá tán, ó tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì fi dọ́là ogún sínú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan tó ń kọrin tó ń ṣẹ́jú, mo ní kí n lọ wá ibi ìtura. Ìgbà tí n ó fi padà dé, ẹ̀rọ náà ṣì ń kọrin, owó ti lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, orin yẹn ni mo rà."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Las Vegas

N kò ní tàn yín. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iná, kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú èyí tí mo rí. Inú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada ló wà. Ọdún 1931 ni ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí tẹ́tẹ́, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdídò ńlá Hoover lórí odò Colorado tó wà nítòsí. Òpópónà tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Strip, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà méje, òtẹ́ẹ̀lì lọ́tùn-ún, òtẹ́ẹ̀lì lósì. Ọ̀kan kọ́ ara rẹ̀ bí òkúta gogoro àwọn ará Íjíbítì, òmíràn gbé ilé-ìṣọ́ Eiffel ti Paris kalẹ̀ ní ìdajì gíga rẹ̀, òmíràn wa odò sínú ilé, ọkùnrin olórin sì ń wa àwọn tọkọtaya nínú ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ òrùlé tí wọ́n kùn bí ojú ọ̀run. Ìyẹn Venetian, ó sì ń gbowó o. Èyí tí kì í gbowó ni omi Bellagio. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á fi orin sí i, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Omi náà rọra ń mì bí ìbàdí obìnrin, lójijì ó dún gbòlà bí ìbọn, ó fò sókè ju ilé alájà ọgbọ̀n lọ, gbogbo wa tó dúró létí irin pariwo pọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sójú wa. Bàbá Ìbejì di ọwọ́ mi mú ní gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó owó bààlù.

Wàyí o, físà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá fífún àwa ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò tuntun dúró. Físà tí wọ́n ti fún èèyàn kí ọjọ́ yẹn tó pé kò bàjẹ́, ẹni tó bá sì ní pásípọ́ọ̀tì orílẹ̀-èdè mìíràn lè fi ìyẹn rìn. Nítorí náà, bí físà tiyín kò bá sí nínú ìwé báyìí, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ yín pé òun mọ ẹnìkan ní ẹ́ḿbásì. Ẹ ka ìpín yìí fún ìgbádùn, kí ẹ sì kọjá sí Sun City.

Fún àwọn tí físà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ń gbà jáde. Yàrá ní Las Vegas lè dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú, pàápàá láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, yàrá kan náà lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní owó rìsọ́ọ̀tì: dọ́là 40, 50, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ wẹ̀ nínú adágún wọn o, bóyá ẹ ò wẹ̀. Nígbà tiwa, wọn ò sọ ọ́ títí a fi dé iwájú tábìlì pẹ̀lú àpótí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òfin ti mú wọn kí wọ́n máa kọ àpapọ̀ owó náà síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti dín ìjà kù. Owó orí ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì á tún ti owó díẹ̀ mọ́ inú káàdì yín títí ẹ ó fi lọ, nítorí náà ẹ má gbé káàdì tí owó inú rẹ̀ ṣe rẹ́gí lọ.

Ti fíríìjì ni mi ò ní gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì ṣí fíríìjì kékeré inú yàrá wa, ó bá a tó kún fọ́fọ́ fún ìgò ọtí kéékèèké àti ṣokoléètì. Ó kó wọn jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tó ń to àgbo, ó wá gbé omi wa àti ike ìrẹsì tí ẹ̀gbọ́n mi sè fún wa láti Houston wọbẹ̀. Kò mu ẹyọ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, ìwé owó wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn: ìgò mọ́kànlá, ṣokoléètì mẹ́ta. Àṣé ẹ̀rọ wà lábẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan; bí o bá ti gbé e kúrò nídìí, wọ́n ti kọ ọ́ sí ọ lọ́rùn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì, mo kó ìgò mọ́kànlá náà sínú báàgì, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdè lórí. Nǹkan bí wákàtí kan kọjá kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n sì tún mú owó díẹ̀ pé a fi oúnjẹ wa sínú fíríìjì wọn. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ rí níwájú bíi pé ẹ lè sọ òkúta bà á, ìrìn ìṣẹ́jú ogún ni, torí ilé wọ̀nyẹn tóbi ju bí ojú ṣe lè wọ̀n wọ́n. Ẹ fi bàtà gogoro sílẹ̀. Nínú oṣù Keje, ooru ibẹ̀ ń lé ní 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ooru gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun ń làágùn. Oṣù Kẹwàá la lọ, ó tura. Aago ibẹ̀ sì fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ sẹ́yìn tiwa, kò sí bààlù tó ń gbéra ní Èkó tó ń balẹ̀ síbẹ̀ tààrà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, aago mẹ́ta òru ni ẹ ó la ojú pẹ̀lú ebi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ rí tẹ́tẹ́ sójú rárá, ẹ mọ èyí dájú: nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Strip, àárín kàsínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́, ni ọ̀nà yàrá gbà. Láti lífìtì dé ibi oúnjẹ, ẹ ó gba àárín ẹ̀rọ àti èéfín sìgá kọjá. Bó ṣe rí nìyẹn láti pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ti ń dúró dè yín níbi tí ẹ ti ń retí ẹrù. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ ta á. Bí ẹ bá sì jẹ owó ńlá lórí ẹ̀rọ, ìjọba wọn máa ń yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àjèjì kí owó tó dé ọwọ́ yín.

Ká yọ tẹ́tẹ́ kúrò wàyí. Púpọ̀ ló kù. Eré orí ìtàgé wà lóríṣiríṣi. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ilé roboto ńlá tí wọ́n ń pè ní Sphere ti ṣí, tí gbogbo ara rẹ̀ níta àti nínú jẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. A ò bá a níbẹ̀, ó ń dùn mí. Ìdídò Hoover yẹn kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ilé ìgbéyàwó wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó ṣe fún tọkọtaya, ọkùnrin kan tó múra bí Elvis, olórin Amẹ́ríkà àtijọ́, ló sì máa ń so wọ́n pọ̀. Mo dá a lábàá. Bàbá Ìbejì ní òun ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí mi lẹ́ẹ̀kan, ó tó.

Sun City

Ibí yìí ni mo ń darí ọ̀pọ̀ èèyàn sí báyìí, kì í sì í ṣe nítorí pé Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn nìkan.

Ìtàn ibẹ̀ jọni lójú. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, South Africa fòfin de tẹ́tẹ́. Sol Kerzner, oníṣòwò òtẹ́ẹ̀lì, wá lọ kọ́ tirẹ̀ sí Bophuthatswana, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí ìjọba yẹn pín sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó sì ń pè ní orílẹ̀-èdè olómìnira, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjọba mìíràn láyé tó kà á sí. Òfin tẹ́tẹ́ kò dé ibẹ̀. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, ọ̀pọ̀ olórin ayé sì kọ̀ láti lọ ṣeré níbẹ̀ nígbà náà nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn. Lónìí, ìpínlẹ̀ North West ló wà, tolórí tẹlẹ́mù ń wọ ibẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà sì ní tiwa lára rẹ̀: Sun City ni wọ́n ti dé Agbani Darego ládé Miss World ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Mo ní kí Bàbá Ìbejì ya fọ́tò mi níbẹ̀. Ó yà á, ojú mi dì nínú gbogbo rẹ̀.

Bààlù tó lọ tààrà láti Èkó sí Johannesburg, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni. Láti ibẹ̀, wákàtí méjì tàbí díẹ̀ lé nínú ọkọ̀. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, nítorí náà ẹ̀yin àti orun yín kò ní jà. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbàgbé pé pápá ọkọ̀ òfurufú Ìlọrin sún mọ́ wa ju ti Ìbàdàn lọ. Bí ẹ bá rí bààlù láti Ìlọrin sí Èkó tó bá ọjọ́ yín mu, ẹ gba ibẹ̀, kí ẹ má fi ọ̀nà Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi yín. Ìbàdí yín yóò dúpẹ́.

Ẹ ó gba físà, ẹ ó sì lọ tẹ̀ka fún un fúnra yín ní Èkó tàbí Àbújá. Kì í yá, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Obìnrin kan tó wà níwájú mi lórí ìlà gbé pásípọ́ọ̀tì àti káàdì ọkọ rẹ̀ wá, ó gbàgbé tirẹ̀ sílé. Ohun tí ọkọ náà sọ, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Sun City kì í ṣe ìlú ní ti gidi. Ọgbà ńlá kan ni, òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin nínú rẹ̀, owó wọn sì yàtọ̀ gan-an. Palace, èyí tí wọ́n ṣí ní 1992 tí wọ́n kọ́ bí ààfin ọba tó sọnù sínú igbó, òun ló wọ́n jù. Cabanas ló rọjú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó sùn ní Cabanas lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ wo ọgbà tó yí Palace ká. Kí ló dé tí ẹ ó fi san owó ààfin láti wo erin tí wọ́n fi òkúta gbẹ́? A sùn ní Cabanas. Alẹ́ kan la lọ jẹun ní Palace, mo wọ gáùn mi, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ mu. Ó parí.

Kàsínò wà, ẹni ọdún 18 lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè lo ọjọ́ mẹ́rin láìrí i. Omi wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ru bí òkun, pẹ̀lú yanrìn létí rẹ̀, àwọn tó bá láyà sì ń yọ̀ bọ́ sínú omi láti ibi tó ga. Pápá gọ́ọ̀fù méjì ló wà, ọ̀kan ní kòtò tí àwọn ọ̀nì gidi ń gbé. Ohun tó ju gbogbo ìyẹn lọ ni igbó Pilanesberg, tó lẹ̀ mọ́ ọgbà náà gẹ́lẹ́: kìnnìún, erin, àgbáǹréré, ẹfọ̀n àti àmọ̀tẹ́kùn, lórí ilẹ̀ tí òkè oníná ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Kò sí ibà málaríà níbẹ̀.

Oṣù Keje la lọ, a sì rò pé Áfíríkà ni, ooru ni. Ó ti o! Ìgbà òtútù wọn ni oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ. Aago mẹ́fà ìdájí, ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wá, eyín Bàbá Ìbejì ń lu ara wọn. Atọ́nà náà pa ọkọ̀. Erin kan jáde láti inú koríko gbígbẹ lápá òsì, kò wò wá. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí i pé etí rẹ̀ fàya létí bí aṣọ àkísà, tí mo sì gbọ́ ìró inú rẹ̀, bí ẹni tó ń ti tábìlì lórí símẹ́ńtì. Kò sí ẹni tó mí. Ìgbà tó kọjá ni mo rí i pé mo ti ki èékánná bọ ọwọ́ ọkọ mi. Ìgbà òtútù yìí gan-an ló dára jù fún wíwo ẹranko, torí ewé ti gbẹ, omi ò sí níbi púpọ̀, wọ́n á wá síbi tó wà. Ẹ sáà gbé súwẹ́tà.

Ẹnu kò ní ṣàì sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọlu àwọn àjèjì tí à ń gbọ́ ní South Africa. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ohun tí a ṣe ni pé òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ la ní kó rán ọkọ̀ wá gbé wa ní pápá ọkọ̀ òfurufú, a ò dúró ní Johannesburg, ọgbà náà sì ní odi àti ẹ̀ṣọ́. Àbùkù ibẹ̀ nìyí: bí ẹ bá ti wọlé, inú ọgbà náà ni gbogbo oúnjẹ wà, iye tí wọ́n bá sì pè é ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ti rí ohun gbogbo. Ọjọ́ márùn-ún ti pọ̀ jù.

Macau

Èyí ò ní gùn. Àwọn Pọtogí ló mú ibẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 1999 tí wọ́n dá a padà fún China. Lọ́pọ̀ ọdún, owó tí wọ́n ń pa lórí tẹ́tẹ́ níbẹ̀ máa ń kọjá ti Las Vegas. Bákárà ni eré wọn, eré káàdì ni, ojú sì le nídìí rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní òun kò gbọ́ ẹ̀rín ẹnìkan nínú kàsínò náà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Bí ẹ bá yọ tẹ́tẹ́ kúrò, àárín ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé lọ́dún 2005 kù, ògiri iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Paul tí iná jó tó ṣì dá dúró, àkàrà òyìnbó kékeré ẹlẹ́yin gbígbóná tí wọ́n ń pè ní tart, àti ilé-ìṣọ́ kan tí wọ́n ti ń so okùn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ tó ń bẹ́ láti 233 mítà. Afárá tó so ó mọ́ Hong Kong, tí wọ́n ṣí ní 2018, gùn tó kìlómítà 55 lápapọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Macau kí a tó gbéra, ti Hong Kong lọ́tọ̀ bí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, ti China lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Físà mẹ́ta nítorí ọjọ́ mẹ́ta! Oníṣòwò tí ọjà ti gbé dé Guangzhou, tí ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ, òun nìkan ni mo lè gbà níyànjú pé kó yà síbẹ̀.

Èkó

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ tọkọtaya kan láti ìdí ọjà Jagun tí wọ́n ṣe ọjọ́ mẹ́ta ní Victoria Island, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òní. Kò sí físà, kò sí pàṣípààrọ̀ owó, bí ilé bá sì pè yín, ẹ dé ilé lọ́jọ́ kejì. Kàsínò wà ní Federal Palace fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí kó tó ná dọ́là sí i. Iná kò tó ti Vegas. Omi Ọ̀sà lálẹ́ àti afárá Lẹkki sí Ìkòyí pẹ̀lú okùn rẹ̀ tó ń tàn kò burú.

Bí a bá yọ tẹ́tẹ́ kúrò, Èkó gbapò kejì lójú tèmi. Ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Eré orí ìtàgé ní Terra Kulture. Ilé àwòrán Nike ní Lẹkki, owó ìwọlé kò sí. Ilé àṣà Yorùbá ti John Randle ní Oníkàn, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń wọ bààlù wá wò. Afárá orí igi ní Lẹkki, mítà 401 tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, níbi tí ọkùnrin tó ń ṣe bí akọni ti máa ń wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dì mú.

Àléébù rẹ̀ ò ju méjì lọ. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ lè jẹ idajì ọjọ́ yín, nítorí náà ẹ yan òtẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ má máa gba afárá lójoojúmọ́. Èkejì ni ẹbí. Bí wọ́n bá fi lè gbọ́ pé ẹ wà ní Èkó, Súrùlérè á ní kí ẹ yà, Ìkòròdú á ní kí ẹ yà, ìsinmi á di ìbẹ̀wò. Ẹ má fi fọ́tò sórí WhatsApp títí ẹ ó fi padà kọjá Ọ̀yọ́.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí físà Amẹ́ríkà yín ṣì wà láàyè, tí ẹsẹ̀ yín le, tí ẹ sì ní ẹbí tí ẹ ó kọ́kọ́ kí níbẹ̀ kí owó bààlù lè ṣe iṣẹ́ méjì, Las Vegas ni, alẹ́ mẹ́ta láti ọjọ́ Ajé, nínú oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún tàbí oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yún un nídìí tẹ́tẹ́, tó mọ ara rẹ̀, kí ó má lọ síbẹ̀ rárá. Kí ó má yà sí Macau náà. Ẹni tí owó lọ́tìrì ń jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Vegas á jẹ ẹ́ tán, á sì tún gbé ọtí ọ̀fẹ́ fún un nídìí tábìlì kó má baà dìde.

Tọkọtaya àgbà, tọkọtaya tí pásítọ̀ tàbí àáfà ń bá jẹun, àti ẹni tó ń fẹ́ gáùn àti erin pọ̀, Sun City, alẹ́ mẹ́rin. Tọkọtaya tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè ìyàwó, tàbí ẹni tí kò lè fi ìyá rẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Èkó.

Èwo wá ni ọ̀gá mú? Ó kọ́kọ́ ní Èkó, torí owó. Ìyàwó rẹ̀ kàn wò ó ni. Wọ́n ti tẹ̀ka fún físà South Africa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó yà sọ́dọ̀ mi lánàá, ó jókòó, ó mu omi, kò tètè sọ ohun tó gbé e wá. Ìgbà tó dìde tán ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìbejì, ṣé súwẹ́tà yẹn ṣì wà?" Mo wọlé lọ gbé e fún un. Ó ṣì ń rùn òórùn káńfọ̀.